Ẹ̀rọ Oní-110 tàbí Oní-230: Lẹ́tà sí Kọ́lá

Peckham,
Lọ́ńdọ̀nù.

Kọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Màmá Tòmíwá àti àwọn ọmọ. Iṣẹ́ tí o rán sí mi dé ọwọ́ mi, pé kí n bá ọ ra grinder (ẹ̀rọ ìgé-irin) méjì àti ẹ̀rọ ìfọ́-kọnkéré kan nínú àwọn tòkunbọ̀ olórí yẹ́lò tí wọ́n ń tà níhìn-ín, nítorí pé owó wọn kò ga. N kò tíì rà wọ́n. Mo fẹ́ kí o ka lẹ́tà yìí tán ná.

Orí yẹ́lò yẹn, ìyẹn púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ni àmì pé fóltì 110 ni ẹ̀rọ náà ń lò. Ẹ̀rọ tó ń lo 230, irú iná tí NEPA ń gbé wá fún ọ ní Ìbàdàn, orí búlúù ni tirẹ̀ máa ń ní ní sáìtì níbí. Bí ọmọ iṣẹ́ rẹ bá gé orí yẹ́lò náà kúrò, tí ó fi púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rọ́pò rẹ̀, tí ó sì so ó mọ́ iná 230, ẹ̀rọ náà yóò ké bí ẹni tí wọ́n ń pa, èéfín yóò sì gba ihò ara rẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ ni grinder wa ṣe bàjẹ́ ní Mọ́níyà. Òórùn wáyà tó jóná yẹn wà lọ́wọ́ mi fún odindi ọjọ́ méjì.

Nítorí ẹ̀mí ènìyàn ni wọ́n ṣe ń lo 110 ní sáìtì níhìn-ín. Tiransifọ́mà ló ń sọ 230 di 110, wọ́n sì so àárín wáyà tí wọ́n wé sínú rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá fi ọwọ́ tútù kan wáyà tó bó, fóltì 55 péré ni yóò wà láàárín wáyà náà àti ilẹ̀ tí ó dúró lé. Ó lè ta á, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ó pa á. Má ṣe fi ti Amẹ́ríkà wé e o. Ní tiwọn, odindi 120 ló wà láàárín wáyà iná àti ilẹ̀.

Ààbò yìí ní ohun tí yóò ná ọ. Grinder oní-watt 1,100 tí kì í fa tó ámpù 5 lórí 230 yóò fa 10 lórí 110, bí o bá sì lo wáyà kan náà, ooru inú wáyà yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Wáyà tó nípọn ni kí o rà fún apá 110. Èyí tó ń gbé 230 wọ inú tiransifọ́mà ni kí ó kúrú, nítorí pé bí o bá fà á káàkiri sáìtì, ewu tí o ń sá fún ni o tún fà wọlé yẹn.

O lè ní kí n kúkú ra 230, kí n sì fi RCD, ohun èlò kékeré tó ń gé iná bí iná bá ń jò, kún un. Lórí iná NEPA tí wọ́n so mọ́ ilẹ̀ dáadáa, mo fara mọ́ ọn, nítorí RCD mílíámpù 30 a máa gé iná kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ni o ń lò jù, ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré ni wọn kò sì so wáyà rẹ̀ kankan mọ́ ilẹ̀, RCD kò sì lè ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ lórí irú wọn. Kọ́lá, n kò gbàgbé ọjọ́ tí iná gbé ọmọ iṣẹ́ wa nínú kòtò sokawee lẹ́yìn òjò, tí ìka rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà, tí kò lè tú u títí tí o fi sáré lọ yọ wáyà. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Nítorí náà, bí o bá gbà, n óo ra ẹ̀rọ ìfọ́-kọnkéré àti grinder kan ní 110, pẹ̀lú tiransifọ́mà 3.3 kVA kan, nítorí pé inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Má ṣe lò wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, 3.3 yẹn, fún iṣẹ́ ìdákúrekú ni, kì í ṣe fún àárọ̀ ṣúlẹ̀. Grinder kejì, tí ẹ ń lò ní ṣọ́ọ̀bù gbígbẹ, kí ó jẹ́ 230. Ní ti dírílì, oní-bátìrì fóltì 18 ló wù mí fún ọ, n óo sì yẹ ṣájà rẹ̀ wò, nítorí pé wọ́n ń ta ṣájà oní-110 níbí pẹ̀lú.

Kọ̀wé sí mi, kí n mọ jẹnẹrétọ̀ rẹ tó kVA mélòó. Tiransifọ́mà máa ń fa iná lójijì bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, I-better-pass-my-neighbour kò sì lè gbé e. N kò ní san kọ́bọ̀ kí n tó gbọ́ ọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Dèjì