Ṣé O Ti Fọwọ́ Sí Ìwé Náà?

Àkànní ọmọ mi,

Ọkàn mi ò balẹ̀ bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kú, nítorí náà jókòó kó o kà á dé ìparí.

Ìròyìn ilé ò pọ̀. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn tún ń jò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ti hu eyín méjì, gbogbo ohun tọ́wọ́ rẹ̀ bá bà ló ń gé jẹ. Orúnkún bàbá yín ò tíì sàn. Wọ́n ti ń lo ọ̀pá báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò fẹ́ kí àlejò bá a lọ́wọ́ wọn. Ó tán.

Ohun tí mo fẹ́ béèrè nìyí: ṣé o ti fọwọ́ sí ìwé náà?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn lo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi: "Màámi, ẹ bá mi gbàdúrà lórí òwò tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi fẹ́ dà pọ̀ ṣe. Ìfẹ́ Ọlọ́run nìkan ni mo fẹ́." Inú mi dùn débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á fún bàbá yín. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò sọ fún ọ, torí o máa ń ní kí n má febi pa ara mi. Látìgbà náà, mo pè ọ́, o ò gbé e. Mo tún pè. Àfi bó ṣe já bọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́jọ́ ìsinmi pé o ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, pé owó tó o fi ọdún mẹ́rin kó jọ ti wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yẹn. Ìwé àdéhùn nìkan ni kò dá a lójú. Mo bi í léèrè ọjọ́ tó o sanwó. Ọjọ́ náà ṣáájú ọjọ́ tó o ní kí n gbàdúrà.

Kí wá ni mo ń gbààwẹ̀ fún, Àkànní?

Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Ẹni tó ti kọjá oríta kó tó béèrè ńkọ́?

Ṣí Bíbélì rẹ sí Jeremáyà orí 42, kì í ṣe ti orí fóònù o, èyí tí mo fún ọ. Àwọn tó ṣẹ́kù ní Júdà lẹ́yìn tí Bábílónì ti kó àwọn yòókù lọ wá bá wòlíì náà pé kó bá àwọn béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n búra pé ì báà dùn, ì báà korò, àwọn á ṣe é. Lẹ́yìn ọjọ́ 10, èsì dé: ẹ dúró sílẹ̀ yìí, ẹ má lọ sí Íjíbítì. Wọ́n ní irọ́ ló ń pa. Mo ti ka ìtàn yìí láìmọye ìgbà kí n tó kíyè sí ìparí orí 41: ẹ̀bá Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni wọ́n ti pàgọ́, torí Íjíbítì tí wọ́n ń lọ. Wọ́n ti di ẹrù kí wọ́n tó béèrè. Àdúrà ìrìn àjò ni wọ́n ń wá.

Bí Ọlọ́run bá ní rárá ńkọ́, ọmọ mi? Ṣé àyè rárá ṣì wà?

Mi ò ní kó o má lo ọpọlọ rẹ. Láti kékeré lo ti gbọ́n, mi ò bí òmùgọ̀. Òwe 3:5 ní, "má sì ṣe tẹ̀ sí ìmọ̀ ara rẹ." Ọ̀rọ̀ "tẹ̀ sí" yẹn ló ń yí lọ́kàn mi látìgbà tí bàbá yín ti ṣubú ní Ọjọ́rú. Má bẹ̀rù, egungun ò dá; mi ò fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ni. Ilẹ̀ tutù, wọ́n gbé gbogbo ara lé ọ̀pá, ọ̀pá sì yọ̀. Kò sóhun tó ṣe ọ̀pá náà. Ibi tí wọ́n fi í lé ni wọn ò rí.

Mi ò sì ní kó o má ní ohun tó wù ọ́. Jésù sọ tirẹ̀ síta ní Gẹtisémánì, pé kí ago náà ré òun kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbàdúrà yẹn. Ṣùgbọ́n kò tíì gba ẹ̀yìn ọgbà sá lọ kó tó máa gbà á.

Mo ti kọ lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mejì rí, mo fà á ya, torí ẹnu mi ò gba ìbáwí tí mo ń bá ọ wí yìí.

Ní ọdún 26 sẹ́yìn, mo fẹ́ ká kó kúrò nílùú tí ìyá bàbá yín ń gbé. Èmi àti màmá kì í rẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì ti sú mi. Iṣẹ́ kan yọ fún bàbá yín ní ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ fi ọjọ́ mẹ́ta béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo sọ fún wọn pé mo lálàá, pé mo rí wa nínú ilé tuntun, ìmọ́lẹ̀ kún ibẹ̀. Àkànní, mi ò lá àlá kankan. Mo sùn bí òkú ni. Bàbá yín ò bi mí ní ìbéèrè kan; aládùúrà ni wọ́n mọ̀ mí sí. A kó lọ. Oṣù keje tí a débẹ̀, màmá kú. Ká tó dé, wọ́n ti sin òkú wọn. Bàbá yín dúró lẹ́bàá sàréè, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ọlọ́run ló rán wa lọ, kò sóhun tí a lè ṣe."

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá ti ní Ọlọ́run bá òun sọ̀rọ̀, ọwọ́ tí wọ́n dì mú yẹn ni mo máa ń wò.

Ibi tá a kó lọ náà la bí ọ sí. O lè fi ìyẹn dá mi lóhùn, mo mọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún lèmi náà fi dá ara mi lóhùn bẹ́ẹ̀: ṣé kò wá já sí rere? Ó já sí rere, ìwọ gan-an ni rere náà. Síbẹ̀, màmá béèrè ọmọ wọn kí wọ́n tó kú, ọmọ wọn ò sí níbẹ̀.

Bí o ò bá tíì fọwọ́ sí i, dúró. Má sọ pé o gbàdúrà nígbà tó o fẹ́ gba iṣẹ́ tó o fi sílẹ̀ yìí, ó sì yọrí. Dáfídì béèrè nígbà tí àwọn Fílístínì wá sí àfonífojì Réfáímù, Ọlọ́run ní kó gòkè lọ, ó sì borí. Wọ́n tún padà wá síbẹ̀. Ó tún béèrè, èsì sì yàtọ̀: má gòkè lọ, ẹ̀yìn wọn ni kó o gbà. Ó lè jẹ́ pé òwò náà dára. Ó lè jẹ́ pé èmi lẹ̀rù kàn ń bà. Mi ò mọ̀. Mo kàn fẹ́ kí ìbéèrè náà jẹ́ ìbéèrè.

Bí o bá sì ti fọwọ́ sí i, sọ fún mi. Mi ò ní ṣépè fún ọ láé. Màá máa gbàdúrà fún ọmọ tó ti wà lójú ọ̀nà, a ò kàn ní máa ṣe bí ẹni pé à ń wá ọ̀nà.

Bàbá yín ti ń pè mí, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí mo ń kọ̀wé sí látàárọ̀. Wọn ò tíì mọ̀ nípa àlá yẹn. Lálẹ́ yìí ni mo fẹ́ sọ ọ́, kó má baà jẹ́ ẹnu rẹ ni wọ́n á ti gbọ́. Tí mo bá pè lọ́la, gbé e. Bí o ò bá gbé tèmi, gbé tiwọn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.