Lẹ́tà sí Dámilọ́lá àbúrò mi, lórí oògùn SS tuntun yẹn

Dámi ọmọ ìyá mi,

Mo gbọ́ fóìsì nóòtù tó o fi ránṣẹ́, tó o ti ń bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ti rí oògùn SS, ìyẹn àìsàn sickle cell, àti pé tó bá jẹ́ òótọ́, kí lo tún wá ń gbé kápúsù hydroxyurea mì lójoojúmọ́ sí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò jẹ́ ká lè sọ ọ́ tán lórí fóònù, torí náà jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́, kó o fara balẹ̀ kà á.

Òótọ́ ni o. Casgevy lorúkọ ẹ̀. Ìlú ọba ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní November 2023, Amẹ́ríkà ṣe tiẹ̀ ní December, fún ẹni tó bá ti tó ọmọ ọdún 12 tí kráísìsì, ìyẹn ìrora líle tí SS máa ń fà, sì ń dà láàmú léraléra. Obìnrin kan láti Mississippi, Victoria Gray, ni SS àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní Amẹ́ríkà, ní 2019, Jimi Olaghere tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Atlanta náà wà lára àwọn tó tètè gbà á. Nígbà tí Amẹ́ríkà fi máa fọwọ́ sí i, èèyàn 31 ni wọ́n ti ṣọ́ pẹ́ tó láti lè sọ̀rọ̀ nípa wọn, 29 nínú wọn sì lo odidi ọdún kan ó kéré tán láìsí kráísìsì líle kankan. Odidi ọdún kan, Dámi! Ìwọ ni mo rántí nígbà tí mo kà á.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ kó o mọ̀ dáadáa. Nígbà tó o wà nínú ikùn màmá, hemoglobin, ìyẹn èròjà pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ, yàtọ̀ sí tìsinsìnyí, hemoglobin F ni wọ́n ń pè é, gbogbo ọmọ inú oyún ló ní in, kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ká kọdọrọ bíi dòjé. Òun ló dáàbò bò ẹ́ tí màmá ò fi fura sí nǹkan kan nígbà tó o wà ní jòjòló, àfìgbà tí oṣù mélòó kan kọjá tí ọwọ́ àtẹsẹ̀ ẹ wá ń wú. Bí ọmọ bá ṣe ń dàgbà ni jíìnì kan tó ń jẹ́ BCL11A á máa ti hemoglobin F yẹn pa, ti àgbà á wá gba ipò ẹ̀, ti àgbà yẹn, tó jẹ́ hemoglobin S lára ẹ, ló sì ń yọ ẹ́ lẹ́nu. Ohun tí wọ́n ń ṣe tí wọ́n bá fẹ́ fúnni ní Casgevy nìyí: wọ́n á fa sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ jáde lára aláìsàn, wọ́n á gbé e lọ sí láàbù, wọ́n á fi CRISPR, ìyẹn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gé jíìnì, gé ibi tó ń jẹ́ kí BCL11A ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á wá dá a padà sí i lára. Hemoglobin ọmọ inú oyún á tún máa tú jáde lára àgbàlagbà. Jennifer Doudna àti Emmanuelle Charpentier tó gbé CRISPR jáde gba Nobel lórí ẹ̀ ní 2020, ó sì tọ́ sí wọn.

Àmọ́ kí wọ́n tó dá sẹ́ẹ̀lì yẹn padà, wọ́n máa fi kẹ́mò líle pa èyí tó wà nínú mùdùnmúdùn eegun tẹ́lẹ̀, irun á re, ẹnu á bó, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lèèyàn á fi wà ní ọsibítù, ó sì lè kó bá ọmọ bíbí. Owó ẹ̀ ńkọ́? Mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnì kan ní Amẹ́ríkà. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ SS jù láyé, kí wọ́n wá gbé oògùn ẹ̀ sí iye tí ọwọ́ wa ò lè tó, ó ń dùn mí wọra.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Hydroxyurea tó ti sú ẹ yẹn, hemoglobin F yìí kan náà lòun náà ń gbé sókè. Kò lágbára tó Casgevy, kì í wo SS sàn, tó o bá sì dáwọ́ ẹ̀ dúró á tún wálẹ̀, àmọ́ ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. Wọ́n fún ọmọ SS 606 ní hydroxyurea yìí ní orílẹ̀-èdè Uganda, Kenya, Angola àti Congo Kinshasa, èsì ẹ̀ jáde ní 2019, ìrora dínkù, gbígba ẹ̀jẹ̀ dínkù, ikú dínkù, ibà gan-an dínkù. Ní Kano àti Kaduna náà wọ́n lò ó fáwọn ọmọ tí wọ́n ń bẹ̀rù pé stroke lè kọlù. Torí náà má sọ fún mi pé kò ṣe nǹkan kan. Mi ò tíì gbàgbé òru July yẹn tí òjò ń rọ̀, tí màmá fi òrí gbígbóná ń pa orúnkún ẹ, tó o di etí bẹ́ẹ̀dì mú, tó o ní ká má fọwọ́ kàn ẹ́, ká má sì kúrò lọ́dọ̀ ẹ. Látìgbà tó o ti ń lo kápúsù yẹn déédéé, ṣé o tún ti rí irú òru yẹn?

Bàbá tó ní àgbo òun ń sọ SS di AA, jọ̀ọ́, má fún un ní kọ́bọ̀. Ẹni tó gba Casgevy gan-an, tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, wọ́n á ṣì bá S níbẹ̀, F ló kàn pọ̀ lára ẹ̀, S yẹn náà ló sì máa fún ọmọ tó bá bí. Ṣé àgbo inú kẹ́ẹ̀gì ló wá fẹ́ ṣe ju ìyẹn lọ?

Folic acid ẹ, Paludrine ẹ tó ń dènà ibà, omi púpọ̀, o mọ gbogbo ìyẹn. Àmọ́ ẹni tó ń lo hydroxyurea gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò déédéé, tí ìwọ àti Túnjí bá sì ti ń ronú ọmọ, dókítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún, má dá a dúró fúnra ẹ. Ọjọ́ wo ni klíníìkì ẹ tó kàn? Fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí n lè fi owó tẹ́ẹ̀sì sí akáǹtì ẹ kó tó dọjọ́ náà, tí kápúsù bá sì ti kù díẹ̀ kó tán, pè mí, má dúró dìgbà tó bá tán.

Bọ̀ọ̀dá ẹ,
Kúnlé