Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń lọ bá àwọn àgbà gbá squash

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Wọ́n ní o ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje àwọn àgbà nínú squash, eré tí ẹni méjì ti ń fi ràkẹ́ẹ̀tì gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri nínú yàrá. Inú mi dùn gan-an. Láti ọmọ ọdún 35 ni squash ti ń ka ènìyàn mọ́ àgbà, ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n sì fi ń pín wọn sí ìsọ̀rí. Àwọn tí o máa bá pàdé níbẹ̀ mọ eré náà dáadáa; orúnkún àti ẹ̀yìn wọn ni kì í ṣe ti àtijọ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ ràkẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ fi ṣáájú. Yàrá tí ẹ ó wà kò ju mítà 9.75 ní gígùn àti 6.4 ní ìbú lọ, bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì kéré débi pé ó lè wọ inú ihò ojú. Bí o bá gbọ́wọ́ sókè tí o rí i pé ẹnì kejì sún mọ́ ọ jù, dáwọ́ dúró, kí o béèrè "let", ìyẹn ni pé kí ẹ tún àmì náà gbá. Bó bá dí ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ìbá gbà lọ tààrà sí ògiri iwájú, "stroke" ni, ìwọ lo ni àmì náà. Èyí tó léwu jù ni kí bọ́ọ̀lù gba ẹ̀yìn rẹ yọ sí òdì kejì, kí ìwọ náà yí tẹ̀ lé e: ẹni tó wà níwájú kò mọ ibi tí o máa gbá a gbà mọ́. Mo bẹ̀ ọ́, má gbá a.

Bí o bá gbá tìrẹ tán, yà fún ẹnì kejì. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń lọ́ra, má gbá bọ́ọ̀lù tó máa ta padà sára rẹ. Gbá a mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí ọ̀nà lè là. Mo ti rí àwọn àgbà tó lé ní 70 tí wọ́n ń ṣe é bẹ́ẹ̀, n kò sì rí ohun tó wuyì tó o nínú eré yìí.

Lọ́pọ̀ ìgbà kò ní sí rẹfirí, tàbí kó jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ni wọ́n ní kó wá jókòó ṣe é, òógùn ṣì wà lára rẹ̀. Kò lè rí bọ́ọ̀lù tó balẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ ràkẹ́ẹ̀tì rẹ. Ìwọ rí i. Sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi ọ́, àní bó bá jẹ́ 10 sí 10 nínú géèmù tó kẹ́yìn. Bí ìdájọ́ rẹ̀ kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, gbà á bẹ́ẹ̀, kí o máa bá eré lọ.

Nígbà tí ẹ bá ń mú bọ́ọ̀lù gbóná ṣáájú eré, má dá nìkan máa gbá a. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ni ín.

Ó ku kan. Awò tí o fi ń kàwé kò lè gba ojú rẹ lọ́wọ́ bọ́ọ̀lù yìí, ó lè fọ́ sí ọ lójú. Ra èyí tí wọ́n ṣe fún squash, kí o sì máa lò ó níbi ìdánrawò pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ti gbé ètò ìdíje jáde, pè mí, kí n mọ ẹni tí o máa kọ́kọ́ bá gbá.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.