Ìdajì Tó Kù Nílé

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú oríire òní, ẹ sì kú àfaradà láti ọjọ́ yìí wá.

Òní, 9 oṣù kẹjọ ọdún 2020, ni ìjọba Èkó ní kí àwọn ìjọ ṣílẹ̀kùn padà, lẹ́yìn bí oṣù mẹ́rin ààbọ̀ tí àrùn Kòrónà ti mú kí wọ́n tì í. Látìgbà tí mo ti gbọ́ ìkéde náà ni ọkàn mi ti wà ní Bàríga. Mo ń rò ó bí àwọn ìyá ẹgbẹ́ Dọ́káàsì ṣe máa ti nu eruku kúrò lórí àga, bí wọ́n ṣe máa gbé ike omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà, bí ọmọ tó ń lùlù fún wa ṣe máa fọwọ́ kan awọ ìlù wò bóyá ó ti dẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín á ti sunkún kó tó jókòó. Ẹ sun ún. Ẹkún ọpẹ́ ni.

Èmi Pásítọ̀ yín ò sí láàárín yín. Peckham, ní gúúsù London, ni mo ti ń kọ ìwé yìí, lórí tábìlì tí wọ́n ti ń pààrọ̀ páńpáàsì ọmọ-ọmọ mi, kí arákùnrin wa tó ń bá wa tẹ ìwé ìkéde ní Ṣómólú lè tètè rí i gbà lórí fóònù rẹ̀.

Ẹ rántí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni mo tọrọ lọ́wọ́ yín nígbà tí oṣù kejì ń parí lọ. Ọmọ wa obìnrin bímọ, ìyá ìjọ ń lọ wẹ ọmọ, mo ní kí n sìn wọ́n lọ, kí n lè fẹnu ara mi pe orúkọ ọmọ náà. Ọjọ́ 27 oṣù kẹta ló wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ wa. Ní alẹ́ 23 oṣù náà, olórí ìjọba wọn níbí, Boris Johnson, bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí oníkálukú jókòó sílé. Alẹ́ ọjọ́ kan náà ni Nàìjíríà ti pápákọ̀ òfurufú Èkó àti ti Àbújá pa fún ọkọ̀ tó ń ti òkè òkun bọ̀. Ilẹ̀kùn iwájú, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, òru kan ṣoṣo ni wọ́n fi tì wọ́n. Ìyá ìjọ wò mí, wọ́n wo àpótí aṣọ tí wọ́n ti ń dì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Ẹ ti bi mí lọ́pọ̀ ìgbà pé kí la ń jẹ, kí la ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mi ò tíì dá yín lóhùn dáadáa. Ilé oníyàrá méjì lókè kẹrin, ẹ̀mí mẹ́fà. Ìjọba gbà kéèyàn jáde lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ láti rìn tàbí láti sáré, kó sì jáde ra oúnjẹ àti oògùn. Èmi a máa mú ẹ̀gbọ́n ọmọ tuntun, ọmọ ọdún mẹ́ta, lọ sí Burgess Park, a ó rìn yí adágún omi tó wà níbẹ̀ ká. Bí ẹnìkan bá ń bọ̀ níwájú, á yà bọ́ sórí koríko, àwa náà á yà sí òdìkejì. Ó kọ́kọ́ ń dùn mí. Nílé tiwa, ẹni tó rí ọ tó yà kúrò lọ́nà láì kí ọ, ẹ mọ ohun tí à ń pè é. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé ìfẹ́ ni ẹni yẹn fi ń yà fún mi.

Nígbà tí oṣù kẹta ń parí lọ, ìrẹsì, ìyẹ̀fun àti ìwé ìnùdí tán lórí pẹpẹ àwọn ilé ìtajà ńlá. À ń tò síta, mítà méjì láàárín ẹnìkan àti ẹnì kejì, nínú òtútù. Ní Rye Lane, níbi tí ẹ ti lè gbọ́ Yorùbá bí ẹni pé ọjà Ojúwóyè lẹ wà, owó iṣu gun òkè débi pé ìyá ìjọ ń pín ìbù kan sí mẹ́rin. Ebi ò pa wá. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni ẹnu ọ̀nà ilé yẹn nírọ̀lẹ́. Bọ́ọ̀sì ni ọkọ ọmọ mi ń wà. Àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì kú lọ́pọ̀ ní London nínú oṣù kẹrin. Títí di 20 oṣù náà, ọ̀nà iwájú, níbi tí awakọ̀ jókòó sí gan-an, ni èrò ń bá wọlé, kí wọ́n tó ní kí wọ́n máa gba àárín. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á bọ́ bàtà sí kọ́rídọ̀, á bọ́ aṣọ iṣẹ́ sínú ọ̀rá, á di ọ̀rá náà lẹ́nu, á wá káwọ́ sẹ́yìn kọjá lọ sí balùwẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta yẹn á sáré lọ pàdé rẹ̀, ìyá rẹ̀ á fa aṣọ rẹ̀ mú látẹ̀yìn. Bàbá á máa fẹ̀yìn rìn, ọmọ á máa ké. Ojoojúmọ́ ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbàdúrà fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbàdúrà rí bí èyí tí mo máa ń gbà láago mẹ́rin àárọ̀, tó bá bẹ̀rẹ̀ tó ń so okùn bàtà rẹ̀.

Lábẹ́ wa gan-an, lókè kẹta, ni ìyá àgbàlagbà kan ń gbé, ọmọ Jàmáíkà, òun nìkan. Ìjọba kọ̀wé sí wọn pé nítorí àìsàn tó wà lára wọn, kí wọ́n má yọjú síta fún ọ̀sẹ̀ 12. Láti 26 oṣù kẹta, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ láago mẹ́jọ alẹ́, àwọn ará ìlú ń jáde sójú fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà láti pàtẹ́wọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ọjọ́bọ̀ mẹ́wàá la fi ṣe é. Ìyá ìjọ ò pàtẹ́wọ́ ní tiwọn, ìkòkò ni wọ́n ń fi ọmọrogùn lù. Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, ìyá Jàmáíkà gbójú sókè láti faranda tiwọn, wọ́n béèrè pé ta ló mọ ìlù lù tó báyìí. Bí a ṣe dọ̀rẹ́ nìyẹn. Kò pẹ́ tí ìyá ìjọ fi so okùn mọ́ apẹ̀rẹ̀ kékeré kan, wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀: mọ́ínmọ́ín lónìí, ata díndín lọ́la. Apẹ̀rẹ̀ náà kì í gòkè lófìfo. Ó lè jẹ́ atalẹ̀, ó lè jẹ́ ewé tí wọ́n gbìn sínú ìkòkò, ó lè jẹ́ ìwé pélébé tí wọ́n kọ àdúrà sí. Mo máa ń rántí Pọ́ọ̀lù ní Dàmásíkù, tí wọ́n fi apẹ̀rẹ̀ sọ kalẹ̀ lára odi ìlú. Láràárọ̀ ni ìyá yìí ń ké sókè pé, “Pásítọ̀, ṣé ẹ wà níbẹ̀?” Èmi náà á ní, “A wà níbí, ìyá.” Tí wọn ò bá tíì ké, mi ò kì í lè mu tíì mi.

Lọ́jọ́ kan mo ń bá wọn kẹ́dùn lórí ọ̀sẹ̀ 12 yẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Pásítọ̀, ọdún kẹta rèé tí mo ti wà nínú ilé, látìgbà tí ẹsẹ̀ mi ti kọṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá mi níbẹ̀.” Wọ́n ní ìjọ tí àwọn ti sìn láti ìgbà èwe, ìgbà tí gbogbo wọn náà dèrò ilé ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn.

Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn, kì í sì í ṣe nítorí ìjọ tiwọn. Ìwé orúkọ tiwa ni mo ń rí. Màmá wa kan wà ní ọ̀nà Àkókà, ẹ mọ̀ wọ́n. Wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀, ìbàdí wọn kán, wọn ò sì lè gun ọ̀kadà wá sí ìsìn mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, lọ́dún 2018, mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn pé: *kì í wá mọ́*.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pè wọ́n. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ohùn mi, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé, “Háà! Pásítọ̀! Ta ló kú?”

Ẹ̀yin ará, lójú Màmá, kò sí ohun mìíràn tó lè mú kí Pásítọ̀ pe àwọn bí kò ṣe pé èèyàn kú. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì ní Peckham, mo tọrọ àforíjì. Wọ́n ní kí n dìde. Wọn ò rí mi, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀.

Láti ọjọ́ náà, aago mẹ́fà àárọ̀ ni mò ń pè wọ́n. Àwọn ará ibí ti aago wọn síwájú ní 29 oṣù kẹta, aago London àti ti Èkó sì dọ́gba látìgbà yẹn, bí mẹ́fà ṣe ń lù níbí ló ń lù lọ́dọ̀ yín. Mo rò pé èmi ni màá máa gbàdúrà fún wọn, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n ń gbà á fún mi. Àwọn ni wọ́n sọ fún mi nínú oṣù kẹrin pé àwọn ọmọ àdúgbò ń sun táyà lójú títì mọ́jú nítorí ìbẹ̀rù jàǹdùkú. Àwọn ni wọ́n dárúkọ ẹni tí pálíàtíìfù ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti opó tó ti ta fìríìjì rẹ̀ láti fi rówó jẹun, tí ẹ̀yin alàgbà sì bá mi tètè lọ wò. Ẹni tí mo kọ pé kì í wá mọ́ ló di ojú mi nínú ìjọ.

N kò lè má dárò Bàbá wa tó sùn nínú oṣù karùn-ún. Àgbà bíi tiwọn, ìlù àti aṣọ ẹbí ló yẹ ká fi sin wọ́n. Èèyàn mẹ́jọ ló dúró ti sàréè. Àkọ́bí wọn gbé fóònù súnmọ́ etí kòtò, ó yí ohùn sókè, mo sì ń ka ìwé ìsìnkú láti ibí. Mo ń gbọ́ ṣọ́bìrì, mo ń gbọ́ ọkọ̀ tó ń fun fèrè lójú títì. Mo dé “erùpẹ̀ fún erùpẹ̀”, fóònù já. Nígbà tó fi máa wọlé padà, wọ́n ti bo kòtò. Ọmọ náà ní, “Ẹ parí rẹ̀, sà, a ṣì dúró síbí.” Mo parí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní fún yín lónìí nìyí. Ìjọba ní ìdajì èèyàn tí ilé ìjọsìn lè gbà ni kó wọlé. Wọ́n gbà wá níyànjú pé kí àwọn tó ti lé ní ẹni ọdún 65 ṣì jókòó sílé ná. Ìṣọ́ òru ò tíì sí. Mo gbọ́ pé inú ń bí àwọn kan nínú yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ pa òfin náà mọ́, ẹ bo imú yín, kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Mo ti rí ohun tí àrùn Kòrónà ń ṣe ní ìlú yìí, n kò sì fẹ́ ka ìwé ìsìnkú lórí ẹnikẹ́ni nínú yín.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ó lẹ́ni tó ni ín. Kódà kí àrùn tó dé ni àga mìíràn ti ṣófo, tí a sì ti ń kó báàgì lé e. Ìsìn orí Zoom tí a ṣe, àwọn tó ní dátà nìkan la rí, ọ̀fẹ́ tí à ń lò sì ń já lẹ́yìn 40 ìṣẹ́jú. A wá ń sọ pé gbogbo ìjọ ló pé.

Ẹ ka Jeremáyà orí 29. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti wàásù lé e lórí fún àwọn ọmọ wa tó ń lọ sókè òkun: ẹ kọ́lé, ẹ gbin ọgbà, ẹ wá àlàáfíà ìlú tí ẹ wà. Kò sọ sí mi lọ́kàn rí pé lẹ́tà ni. Àwọn tó wà ní Bábílónì ò lè wá sí tẹ́ḿpìlì mọ́, ibẹ̀ jìnnà, wọ́n sì kó wọn lọ ni. Ọlọ́run ò kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn pé wọn kì í wá mọ́. Ó mú kí ẹnìkan jókòó kọ̀wé, ó sì mú kí ẹlòmíràn gbé e rin ìrìn-àjò lọ bá wọn.

Tẹ́ ẹ bá ń jáde lónìí, ẹ ó bá àwo kan lọ́wọ́ àwọn ọ́ṣà. Kì í ṣe ti ọrẹ. Ìwé pélébé ló wà nínú rẹ̀, orúkọ kan àti nọ́ńbà fóònù kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹni tó kù nílé, àti àwọn tó ti wà nílé kí á tó gbọ́ orúkọ Kòrónà. Kí olúkúlùkù mú ẹyọ kan. Ẹ pè wọ́n kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi káàdì pè wọ́n o, kì í ṣe WhatsApp, fóònù ẹlòmíràn nínú wọn ò ju ìpè àti tọ́ọ̀ṣì lọ. Tẹ́ ẹ bá lọ wò wọ́n, ẹnu ọ̀nà ni kẹ́ ẹ dúró sí. Ẹ má bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò wá. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n jẹ láàárọ̀. Kẹ́ ẹ sì tún pè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí kò sẹ́ni tó kú.

Ní ti ìgbà tí a ó dé, pápákọ̀ òfurufú wa ò tíì ṣí fún ọkọ̀ òkè òkun. Àwọn ọkọ̀ àkànṣe tó ń kó ọmọ Nàìjíríà relé ti ń gbéra níbí láti oṣù karùn-ún, a ò tíì rí àyè. Ìjọba ibí sún fisà àwa tí a há síwájú, òpin oṣù yìí sì ni gbèdéke tuntun. Ẹ bá wa gbé e síwájú Olúwa.

Ẹ má wá orúkọ Màmá ọ̀nà Àkókà nínú àwo. Èmi ni mo mú un. Aago mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la ni n ó pè wọ́n, n ó sì ròyìn bí ìsìn òní ṣe rí fún wọn, nítorí náà kí ẹnìkan tètè pè mí ní ìrọ̀lẹ́, kó sọ orin tẹ́ ẹ kọ fún mi.

Èmi ni tiyín nínú Olúwa,
Olùṣọ́-àgùntàn yín.