Sípíkà Méjìlá Nínú Camry Kan, Ta Ló Wá Ń Gbọ́ Ohùn Olórin?

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ní páàkì Tákìé, l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, ni mo ti máa ń ra ìwé ìròyìn yín kí ọkọ̀ mi tó kún, ojú ìwé mọ́tò ni mo sì kọ́kọ́ máa ń ṣí. Ẹ ti sọ̀rọ̀ táyà, ẹ ti sọ̀rọ̀ ọ́ìlì, ẹ ti sọ̀rọ̀ rédíétọ̀, àmọ́ ẹ ò tíì fọwọ́ kan ohun tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwa onímọ́tò lójoojúmọ́, ìyẹn orin inú ọkọ̀. Ní páàkì wa níbí, bí ẹnì kan bá ra sípíkà méjì kún tiẹ̀, ẹnìkejì á ra mẹ́rin, wọ́n á ṣí bọ́ọ̀tù sílẹ̀ gbayawu kí aráyé lè wá wò ó. Ohun tí gbogbo wọn gbà gbọ́ ni pé bí sípíkà bá ṣe pọ̀ tó ni orin ṣe máa dùn tó. Irọ́ ni o. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, owó mi ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Camry Pencil Light ni mò ń wà, Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, ìgbà míì mo máa ń já Ìbàdàn. Sípíkà mẹ́rin ló bá a dé, méjì nínú ilẹ̀kùn iwájú, méjì lẹ́yìn lábẹ́ gíláàsì. Ó ń kọrin jẹ́jẹ́, kò sí wàhálà, àfi pé àwọn ọmọdé tó ń wa Micra ń fi ariwo jù mí lọ, ìyẹn ló ń bí mi nínú. Mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó máa ń so músíìkì mọ́ mọ́tò, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí a ṣì jọ ń kíra, ó wò mí lókè wò mí nílẹ̀, ó ní "Alájì, mẹ́rin kẹ̀? Mẹ́rin ò lè gbé yín o." Ló bá gbẹ́ ihò sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ó fi méjì síbẹ̀, ó tún fi méjì kún tabẹ́ gíláàsì, ó wá lẹ tùwítà mẹ́rin, àwọn sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tínrín, mọ́ orí dáṣíbọ́ọ̀dù bí ìgbà téèyàn to ife sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó di méjìlá. Rédíò kan náà ló so gbogbo ẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Ọjọ́ kejì tí mo gbé èrò ni ìyá kan tó ń bọ̀ láti ọjà Àràdà figbe ta, "Dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dín in kù, kí lẹni tó ń kọrin yìí tiẹ̀ ń wí?" Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi níbi tó ń dùn mí. Fújì ni mo fi sí i, orin tí mo mọ̀ látòkè délẹ̀ ni, síbẹ̀ èmi gan-an ò gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ń sọ mọ́. Tùwítà ń gún mi létí bí abẹ́rẹ́, ìlù ń dún bí ẹni ń gbá páànù, béèsì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀ tó wà ńbẹ̀ nígbà tí sípíkà ṣì jẹ́ mẹ́rin, ti sá lọ. Ẹ gbọ́ o, mo fi mẹ́jọ kún un, béèsì wá dín kù!

Kò tíì parí. Mo gbé e lọ síbi ìkómọ kan ní Ìlọrà, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n lè rí orin jó sí, láti àárọ̀ títí wọ́n fi ń palẹ̀ ìkòkò mọ́. Ìgbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó ní kẹ́, ó dákẹ́, orin ti mu bátìrì gbẹ. Gíà tèmi kì í ṣe èyí tó ṣeé tì, àfìgbà tí ẹnì kan gbé mọ́tò ẹ̀ wá tá a fi wáyà jáńpù ẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà, yunifásítì LAUTECH níbí ló ti ka ẹ̀kọ́ iná mànàmáná, òun ló wá bá mi tú u. Mítà kan àti bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan péré ló mú dání, ó ní "Dádì, ẹ jókòó, ẹ máa wò." Ó ń fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì yẹn kan wáyà sípíkà lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn kan yọ ikùn síta, àwọn kan fà á wọlé. Nínú méjìlá, mẹ́ta ni wọ́n so sódì. Ó ní ìgbà tí ọ̀kan bá ń ti afẹ́fẹ́ jáde, èkejì ń fà á padà, béèsì àwọn méjèèjì á wá máa jẹra wọn. Ẹ wo bí ẹni méjì ṣe máa ti mọ́tò, tí ọ̀kan dúró sí iwájú tí ọ̀kan dúró sẹ́yìn, gbogbo wọn ń làágùn o, mọ́tò ò kúrò lójú kan.

Ó wá ní kí n wo ojú rédíò mi. "50W x 4" ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn wáàtì 50 fún ojúlé mẹ́rin tí wáyà sípíkà ti ń jáde, èmi sì ti ń fi yangàn ní páàkì pé wáàtì 200 ni mò ń lò. Ó yọ fíúsì ẹ̀yìn ẹ̀ hàn mí, ampere 10 ni iná tó lè gbà kọjá. Bátìrì mọ́tò, volt 12 ni, tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ alternator á gbé e dé bíi 14. Ampere ìlọ́po volt ló ń jẹ́ wáàtì, ẹ sọ 10 di ìlọ́po 14, ó jẹ́ wáàtì 140, níbo wá ni 200 ti máa jáde? Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bíi wáàtì 20 ni irú rédíò bẹ́ẹ̀ lè fún ojúlé kọ̀ọ̀kan dáadáa láìsí pé ohùn dà rú, 50 yẹn, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Oúnjẹ ẹni mẹ́rin la wá ń pín fún ẹni méjìlá. Èyí tó tún burú ni pé ohm, ìyẹn òṣùwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó, 4 ni ti sípíkà mọ́tò sábà máa ń jẹ́, téèyàn bá so méjì pọ̀ sórí wáyà kan bí ọ̀gá yẹn ṣe so ó, ó di ohm 2, iná tó ń fà á pọ̀ sí i, rédíò á máa gbóná. Tèmi gbóná débi pé kásẹ́ẹ̀tì á yọ́ tó bá jẹ́ ayé kásẹ́ẹ̀tì la ṣì wà.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé bí mo bá tiẹ̀ sọ wáàtì di ìlọ́po méjì lóòótọ́, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n ariwo) 3 péré ló máa fi kún un, díẹ̀ létí ẹ máa mọ̀. Kí etí tó gbọ́ ọ pé ó pariwo ní ìlọ́po méjì, wáàtì gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ lọ sọ fún àwọn ọmọ Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH.

Ọ̀rọ̀ ìlù ni mo fi yé ara mi. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Nínú agbo dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, kẹríkẹrì ń gbè é, ìṣáájú ń dá tiẹ̀, gúdúgúdú kékeré tí wọ́n gbé kọ́rùn ń tà kékéké láàárín wọn. Ta ló máa kó ìyáàlù mẹ́fà jọ tí wọ́n á máa sọ̀rọ̀ papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó máa wá ní òun ní agbo? Bẹ́ẹ̀ ni sípíkà ṣe rí. Wúfà ló ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, èyí tó wà láàárín ń gbé ohùn èèyàn, tùwítà ń gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ohùn béèsì bíi 50 Hz, ìyẹn èyí tó ń gbọ̀n nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbì ẹ̀ máa ń gùn tó mítà 7, Camry mi ò tó mítà 5, torí náà etí ò lè mọ ibi tó ti ń bọ̀, wúfà kan dáadáa ti tó. Àmọ́ ohùn èèyàn yàtọ̀, tó bá ti ń bọ̀ láti ojú mẹ́fà, kì í dé sétí lẹ́ẹ̀kan náà, torí ohùn ń rin bíi mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti 1972 tí ìjọba ti ní ká máa wakọ̀ lápá ọ̀tún, apá òsì ni dẹ́rẹ́bà ń jókòó, sípíkà òsì wà lẹ́bàá orúnkún mi, tọ̀tún jìnnà, tẹ̀yìn tún jìnnà jù ú lọ. Ohùn kan náà á wá máa tẹ ara ẹ̀ mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìyá Àràdà ò fi gbọ́ nǹkan kan.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa dìde sọ pé Cadillac Escalade 2021 ní èyí tí sípíkà inú ẹ̀ tó 36. Òótọ́ ni. Àmọ́ ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe mọ́tò ni wọ́n ti wọn ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa wà, áńpílífáyà ló ń fún wọn níná, kọ̀ǹpútà ló ń dá èyí tó sún mọ́ ni dúró díẹ̀ kí tọ̀ọ́kán lè bá a. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni tèmi tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé páálí ilẹ̀kùn lábẹ́ igi máńgòrò?

Sípíkà mẹ́fà ni ọmọ náà yọ. Ó ku méjì nínú ilẹ̀kùn iwájú, tùwítà méjì tó fi kàpásítọ̀ sí kí béèsì má baà débẹ̀, àti méjì ẹ̀yìn tó yí ohùn wọn sílẹ̀ gan-an. Ó wá fi ike líle àti gọ́ọ̀mù dí gbogbo ihò tó wà nínú irin ilẹ̀kùn, torí ó ní ohùn tó ń jáde lẹ́yìn sípíkà ló ń gba ibẹ̀ wá pa ti iwájú. Ilẹ̀kùn yẹn nìkan, ẹ̀yin èèyàn mi, ó ju sípíkà mẹ́rin lọ! Béèsì padà wálé. Mo gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan nínú orin fújì yẹn tí mi ò mọ̀ pé ó wà ńbẹ̀ látọjọ́ yìí. Owó tí mo ná lórí àtúnṣe yìí ò tó ìdajì ìdajì ohun tí mo fi ba nǹkan jẹ́.

Ẹ bá mi bẹ àwọn ọ̀dọ́ dẹ́rẹ́bà náà o, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 fún wákàtí mẹ́jọ ni NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní kí etí má kọjá lójúmọ́, tó bá fi 3 lé sí i wákàtí mẹ́rin ló kù. Àwa tá à ń bá ojú ọ̀nà jí, wákàtí mélòó là ń lò?

Tí ààyè bá wà, ẹ wá onímọ̀ kan kó máa kọ nípa ẹ̀ lójú ìwé mọ́tò, kó sì ya àwòrán bí wọ́n ṣe ń so wáyà, torí ọ̀pọ̀ rìwáyà ló máa kà á.

Sípíkà mẹ́fà yẹn ṣì wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ìyàwó mi ní òun ò rí ibi kó garawa sí mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó béèrè mi ní páàkì Tákìé, mi ò ní tà á wọ́n, àmọ́ méjì méjì ni màá tà á, mi ò ní kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún onímọ́tò kan ṣoṣo.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Onícamry, Ògbómọ̀ṣọ́.