Orúkọ Ronald Bucca

Ìlú New York

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni gbogbo ilé? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo rí fọ́tò ọkọ̀ panápaná tuntun tí wọ́n gbé wá fún yín, inú mi sì dùn gan-an. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ẹ̀yin tí ẹ ó máa gùn ún.

Ìbéèrè tí o kọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ ni mo fẹ́ dáhùn lónìí. O ní ọmọ rẹ ń ka ìtàn Abu Bakr al-Baghdadi tó di olórí ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí ISIS, ó sì rí i níbẹ̀ pé lọ́dún 2004 wọ́n tì í mọ́ àgọ́ ẹ̀wọ̀n kan ní Iraq tí wọ́n ń pè ní Camp Bucca. O wá bi mí pé ṣé orúkọ ìlú ni Bucca àbí orúkọ ẹ̀yà kan. Orúkọ èèyàn ni, ọ̀rẹ́ mi. Panápaná ni, ará ibí yìí, iṣẹ́ tí o ń ṣe gan-an ló ṣe. Ó dùn mí pé ẹnu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́ fún ọ, kí ìwọ náà lè sọ ọ́ fún ọmọ.

Ronald Bucca lorúkọ rẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún tó fi bá iná jà ní New York. Lọ́dún 1986, ó wà nínú Rescue 1, àwọn ikọ̀ tí wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí nígbà tí àwọn panápaná fúnra wọn bá wà nínú ewu. Ilé kan ń jó ní Manhattan lóṣù September ọdún náà, ọ̀gá wọn kan há sókè, Bucca sì ń wá ọ̀nà tí yóò gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àjà karùn-ún ló ti já bọ́. Wáyà kan tó nà kọjá ẹ̀yìn ilé ló gbà á díẹ̀ kó tó balẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kó yè é. Àmọ́ eegun ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́. Àwọn èèyàn wá sọ ọ́ lórúkọ: panápaná tó ń fò.

O mọ ohun tí ẹ̀yìn jẹ́ nínú iṣẹ́ yín. Wọ́n ṣe tán láti fẹ̀yìn rẹ̀ tì pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì tó tẹ̀wọ̀n, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè ìdí tó fi gbà á. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan, ì bá jókòó tì wọ́n. Ó kọ̀. Ó tún ara kọ́ láti rìn, láti gbé ẹrù, láti gun àkàbà, lẹ́yìn bí ọdún kan ó sì padà sí Rescue 1 yẹn náà. Mi ò rò pé ó kó ìdílé rẹ̀ dànù nítorí iṣẹ́. Lójú tèmi, irú ẹni tó jẹ́ bàbá fún àwọn ọmọ yẹn gan-an ló ń padà sẹ́nu iṣẹ́, wọn kì bá ti mọ̀ ọ́n bó bá di ẹlòmíràn.

Sójà ni pẹ̀lú. Ó ti wà nínú 101st Airborne, ẹ̀ka kan nínú àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, nígbà tó sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun gbére, ó ṣì jẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n lè pè nígbàkígbà. Ó wà nínú Special Forces, àwọn tó ń dé fìlà aláwọ̀ ewé, ó sì tún ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń ṣàwárí ìsọfúnni fún àwọn ológun. Lọ́dún 1992, ó di marshal nínú iṣẹ́ panápaná, àwọn tó máa ń wádìí ohun tó dá iná sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á tán. Ọdún kejì ni àwọn agbésùnmọ̀mí gbé bọ́ǹbù sí abẹ́ World Trade Center, ibi tí ilé gíga méjì wà ní Manhattan, èèyàn 6 kú. Àwọn tó mọ Bucca sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ó ń kàwé, ó ń wádìí, ó ń wí pé wọ́n á padà wá.

Wọ́n padà wá lóòótọ́, ní September 11, 2001. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ọkọ̀ òfuurufú kejì ya wọ ilé gíga tó wà níhà gúúsù. Ilé alájà 110 ni. Bucca àti marshal ẹgbẹ́ rẹ̀ kan, James Devery, bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Nígbà tí wọ́n dé nǹkan bí àjà 51, wọ́n pàdé obìnrin kan tó fara pa gidigidi tó ń bọ̀ láti àjà 78. Devery dì í mú, ó sìn ín sọ̀ kalẹ̀, àwọn méjèèjì sì yè. Bucca ń lọ sókè.

Ibí yìí ni mo máa ń dúró sí tí mo bá ń rò ó. Ọkùnrin ẹni ọdún 47 ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti fọ́ rí, èéfín ń bọ̀ lókè, ó sì dá nìkan ń gun àtẹ̀gùn. Nísàlẹ̀ rẹ̀, Orio Palmer, ọ̀gá ikọ̀ panápaná tí wọ́n ń pè ní Battalion 7, ti rí ẹlifétọ̀ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ gùn dé nǹkan bí àjà 40, òun náà sì ń sáré bọ̀. Palmer sọ lórí rédíò pé òun ti rí marshal kan ní àjà 75. Bucca ni. Àwọn méjèèjì jọ dé àjà 78, ibi tí apá ọkọ̀ òfuurufú náà ti gé èèyàn lulẹ̀ bẹẹrẹ. Palmer ké sí àwọn tó wà nísàlẹ̀ pé ojú iná méjì ni òun rí, rọ́bà omi méjì á kápá rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe! Wọ́n ń ṣètò bí wọn yóò ṣe pa iná. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan kí aago mẹ́wàá lù, ilé náà wó lulẹ̀.

Panápaná 343 ló kú lọ́jọ́ náà. Bucca ni marshal àkọ́kọ́ tó kú sẹ́nu iṣẹ́ nínú ìtàn iṣẹ́ panápaná New York.

Báwo wá ni orúkọ rẹ̀ ṣe dé Iraq? Lọ́dún 2003, nígbà tí Amẹ́ríkà gba àgọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó wà nítòsí Umm Qasr, ìlú èbúté kan ní gúúsù Iraq, lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ ọlọ́pàá ológun kan tó fi New York ṣe ibùdó ló ń bójú tó o. Ọ̀fọ̀ ṣì wà lára wọn. Wọ́n fẹ́ bọlá fún ọmọ ìlú wọn, sójà bíi tiwọn, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ibẹ̀. Mi ò lè bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni wọ́n tì mọ́ ibẹ̀, inú àgọ́ náà sì ni àwọn tó padà di ISIS ti mọ ara wọn. Wọ́n ti àgọ́ náà pa lọ́dún 2009, àmọ́ orúkọ kò tíì kúrò lára rẹ̀. Ọkùnrin tó gun àjà 78 láti yọ èèyàn nínú iná kò yẹ ní ẹni tí a ó máa dárúkọ mọ́ al-Baghdadi.

Mo máa ń lọ síbi ìrántí wọn ní Manhattan tí àyè bá gbà mí. Adágún omi méjì ló wà níbi tí àwọn ilé náà dúró sí, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn tó kú sára idẹ yí i ká. Ní ọjọ́ ìbí ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń fi òdòdó róòsì funfun há inú orúkọ rẹ̀. Ara adágún tó wà níhà gúúsù ni orúkọ Bucca wà, láàárín àwọn panápaná ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ yẹ ẹ́.

Tí àwọn ọmọ tuntun bá dé sí ibùdó yín, jọ̀wọ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn, pàápàá èyí tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1986. Kí o sì sọ fún ọmọ rẹ pé ìbéèrè rẹ̀ dára, kó máa béèrè.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o bá mi gbé Màmá lọ́wọ́. Kọ̀wé sí mi kó tó pẹ́, kí o sì sọ bí ọkọ̀ tuntun náà ṣe ń ṣe.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.