Ta ni àwọn Tea Party ń sìn gan-an?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá.

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí àríyànjiyàn ti ń lọ lójú ìwé ìròyìn yín lórí àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Tea Party, àwọn tó padà di ọmọ ẹ̀yìn Trump. Ẹnì kan kọ̀wé pé àwọn olówó ló dá wọn sílẹ̀, pé owó epo àwọn Koch, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò olówó Amẹ́ríkà, ló wà lẹ́yìn gbogbo ariwo yẹn, kò sí mẹ̀kúnnù kankan níbẹ̀. Ẹlòmíì fèsì pé irọ́ ni, ohùn mẹ̀kúnnù gan-an nìyẹn, àwọn tó bẹ̀rù Ọlọ́run tí wọn ò fẹ́ kí gọ́fúmẹ́ńtì máa tọwọ́ bọ àpò wọn. Mo ka lẹ́tà méjèèjì dáadáa. Ọ̀kan ń wo ibi tí owó ti wá, ìkejì ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń pariwo ẹ̀, kò wá sẹ́ni tó wo àwọn tí wọ́n fìyà jẹ. Ibẹ̀ lèmi fẹ́ ká wò, torí ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù kó dìde, ẹni tó bá lé jáde nínú ilé ara ẹ̀ ló máa jẹ́ kéèyàn mọ ẹni tó ń sìn.

Ẹ jẹ́ ká mú un látìbẹ̀rẹ̀. Ní October 2008, Obama ò tíì dé rárá, Ààrẹ George W. Bush, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Republican, ló fọwọ́ sí òfin 700 bílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n fi yọ àwọn báńkì ńlá nínú ọ̀fìn. Àwọn báńkì ló fowó ta tẹ́tẹ́, owó ará ìlú ni wọ́n fi san án. Inú bí àwọn èèyàn, ó sì yẹ kó bí wọn. Obama wọlé, February 2009 ó fọwọ́ sí 787 bílíọ̀nù láti gbé ọrọ̀ ajé dìde, ọjọ́ kejì ẹ̀ gan-an ló tún kéde 75 bílíọ̀nù fún àwọn tí wọ́n fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ wọn torí gbèsè. Nígbà tó di 19 February, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Rick Santelli, òṣìṣẹ́ tẹlifíṣàn CNBC, dúró sáàárín àwọn oníṣòwò níbi tí wọ́n ti ń ra ìwé okòwò tí wọ́n ń tà á ní Chicago, ló bá yíjú sí wọn, ó ní ta ni nínú yín tó fẹ́ bá aládùúgbò ẹ̀ san owó ilé, aládùúgbò tó kọ́ balùwẹ̀ kún balùwẹ̀ tí ò sì rówó san gbèsè? Àwọn yẹn pariwo pé rárá. Ó ní ó dáa, a máa ṣe Tea Party ní Chicago. Boston lorúkọ yẹn ti wá, 16 December 1773, nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ da àpótí tíì 342 sómi torí owó orí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé lé e, tí wọn ò sì ní aṣojú kankan nílé ìgbìmọ̀ ní London.

Ẹ fi nǹkan kan sọ́kàn níbí. Ìbínú yẹn ti wà láti ọ̀rọ̀ báńkì, àmọ́ ìgbà tó kan aládùúgbò ló tó di ẹgbẹ́. Ìjọba ya 700 bílíọ̀nù sọ́tọ̀ fún báńkì, wọ́n kùn. Aládùúgbò fẹ́ gba 75, wọ́n dìde. Ẹni tó bá sì ní awọ̀ ara Obama ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà, kó rántí àwọn tó ń gbé pátákó kiri pé wọn ò bí i ní Amẹ́ríkà, kó sì rántí pé Trump fúnra ẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ yẹn gun orí tẹlifíṣàn lọ́dún 2011, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì rò pé ó máa di nǹkan kan nínú òṣèlú.

Síbẹ̀, èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ pé ayédèrú làwọn èèyàn yẹn. 15 April 2009, ọjọ́ tí owó orí máa ń pé lọ́hùn-ún, wọ́n jáde ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú lọ́jọ́ kan náà. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì pọ̀ nínú wọn, bàbá àti ìyá àgbà tó mú ìwé òfin ilẹ̀ wọn tó kéré bíi ìwé orin lọ́wọ́. Owó wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Americans for Prosperity tí àwọn ará Koch gbé dìde lọ́dún 2004 wà níbẹ̀, FreedomWorks náà wà níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe máa kó ara wọn jọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ fìyà jẹ. Bob Bennett, sẹ́nétọ̀ láti Utah, Republican paraku, ó ti lo ọdún 17 níbẹ̀. May 2010, ẹgbẹ́ ẹ̀ fúnra wọn já a sílẹ̀ nípàdé tí wọ́n ti ń yan olùdíje, wọn ò jẹ́ kó dé ìdìbò gan-an, ọ̀kan pàtàkì nínú ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn sì ni pé ó dìbò fún owó báńkì yẹn. Ìyẹn yé mi, ọ̀rọ̀ wọn àti ìṣe wọn bára mu nígbà yẹn. Nígbà tó di November, Republican gba ìjókòó 63 kún tiwọn nílé aṣojú-ṣòfin, Rand Paul wọlé ní Kentucky, Marco Rubio wọlé ní Florida. Ọdún 2014, Eric Cantor tó jẹ́ igbá-kejì olórí wọn nílé ìgbìmọ̀ yẹn tún fìdí rẹmi nínú ìdìbò abẹ́lé lọ́wọ́ olùkọ́ yunifásítì kan tí wọn ò kà sí.

Ẹni tó wá kọ̀wé pé Koch ló ni wọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í léèrè. Lọ́dún 2016 àwọn Koch kọ̀ láti ti Trump lẹ́yìn. Ibo làwọn èèyàn náà lọ? Ọ̀dọ̀ Trump. Ní November 2023, ẹgbẹ́ Koch yìí kan náà dìde, wọ́n ní Nikki Haley, tó ń bá Trump du tíkẹ́ẹ̀tì Republican, làwọn fẹ́. Ibo làwọn èèyàn tún lọ? Ọ̀dọ̀ Trump náà ni. Tó bá jẹ́ pé Koch ló ra wọ́n, ṣebí ibi tó bá nàka sí ni wọn ò bá gbà. Owó lè háyà bọ́ọ̀sì, owó lè tẹ pátákó, ó hàn gbangba pé ọkàn wọn ò sí lọ́wọ́ olówó.

Lọ́wọ́ ta ló wá wà?

Ẹ jẹ́ ká ka orúkọ àwọn aṣojú-ṣòfin Republican mẹ́ta. Mark Sanford, South Carolina, ọkùnrin tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kí ìjọba má náwó ní ìnákúnàá ló fi ń jẹun lẹ́nu láti ọjọ́ pípẹ́, ó sọ̀rọ̀ òdì sí Trump, wọ́n já a sílẹ̀ nínú ìdìbò abẹ́lé ní June 2018. Justin Amash, Michigan, ọmọ Tea Party ti 2010 gan-an, ó wà lára àwọn tó dá Freedom Caucus, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn aṣòfin Republican tó le jù lórí ọ̀rọ̀ ìnáwó ìjọba, sílẹ̀ lọ́dún 2015, ó ní ó yẹ kí wọ́n yọ Trump nípò, gbogbo wọn kẹ̀yìn sí i, ó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní July 2019. Liz Cheney, Wyoming, ọ̀rọ̀ owó orí ò fa ìjà kankan láàárín òun àti wọn, àmọ́ ó dìbò kí wọ́n yọ Trump lẹ́yìn rògbòdìyàn 6 January 2021, August 2022 wọ́n gbá a dànù. Ẹ fi àwọn mẹ́ta yìí ti Bennett lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bennett ṣẹ̀ wọ́n lórí ọ̀ràn kan, àwọn mẹ́ta yìí ṣẹ̀ wọ́n lórí ẹnì kan.

Gbèsè tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ jáde sí títì ńkọ́? Nígbà tí Trump wọlé ní January 2017 gbèsè Amẹ́ríkà ń súnmọ́ 20 tírílíọ̀nù dọ́là, nígbà tó fi máa kúrò ní 2021 ó ti kọjá 27. Òótọ́ ni pé Kòrónà jẹ lára ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dún 2019 tí Kòrónà ò tíì sí rárá, owó tí ìjọba ẹ̀ ná kọjá ohun tó wọlé ti fẹ́ẹ̀ tó tírílíọ̀nù kan lọ́dún kan ṣoṣo. December 2017 wọ́n dín owó orí ilé-iṣẹ́ ńláńlá kù láti 35 sí 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwọ́de dà? Àwọn bàbá tó mú ìwé òfin lọ́wọ́ dà? Ní July 2025 wọ́n fi tírílíọ̀nù márùn-ún kún ibi tí gbèsè lè dé nínú òfin ńlá kan ṣoṣo, Rand Paul dìbò pé òun ò fẹ́, Thomas Massie láti Kentucky náà dìbò pé òun ò fẹ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ yàn wọ́n ni wọ́n sọ, Massie sì ni Trump wá búra pé òun máa lé kúrò nílé ìgbìmọ̀. Èyí tó dùn mí jù tiẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó ibodè. Orúkọ ẹgbẹ́ yìí látòkè délẹ̀ orí owó orí tó wà lórí ọjà tó ń ti òkè òkun bọ̀ ló dúró lé, lọ́dún 2025 ọ̀gá wọn gbé owó orí lé ọjà gbogbo ayé, tiwa ní Nàìjíríà ńkọ́? 14 nínú ọgọ́rùn-ún ní April, ó di 15 ní August, àwọn ọmọ Tea Party àná sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Lọ́jọ́ kan níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, a ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, bàbá àgbà kan dá sí i, wọ́n ní "Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ ò rí i pé Adélabú lẹ ń wò yẹn ni? Wọ́n ṣèwádìí ẹ̀, wọ́n gbé e lọ kóòtù, àwa la ní òun náà la máa dìbò fún." Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá torí òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n sọ. Adégòkè Adélabú tiwa náà, olóṣèlú Ìbàdàn, ẹgbẹ́ àwọn tó ń sanwó orí n'Ìbàdàn ló bá Mábọlájẹ́, ẹgbẹ́ òṣèlú ẹ̀, pọ̀, mẹ̀kúnnù pọ́ńbélé, wọ́n ń gbèjà ọlá àwọn baálé àti mọ́gàjí, wọ́n sì ń bá ìjọba Action Group jà lórí owó orí. Lọ́dún 1954 wọ́n gba káńsù Ìbàdàn. Ìwádìí Nicholson lórí káńsù yẹn jáde lọ́dún 1956, kò sọ̀rọ̀ ẹ̀ dáadáa, ó sì fi ipò mínísítà sílẹ̀, ará Ìbàdàn tún dìbò fún un, ó di olórí alátakò nílé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn.

Bàbá tó bí bàbá mi, ọmọ Mábọlájẹ́ ni wọ́n, wọ́n nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yẹn dé ikú. Wọ́n ń bú owó orí Awólọ́wọ̀ láàárọ̀, ọmọ wọn, ìyẹn bàbá mi, sì ń gbé síléètì lọ sí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ tí owó orí yẹn kọ́, January 1955, wọn ò rí ìjà kankan láàárín méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbà Tea Party ṣe ń gba Medicare, ìtọ́jú tí ìjọba ń sanwó ẹ̀ fún àwọn arúgbó, tí wọ́n sì ń kígbe sí òfin ìlera tí Obama fọwọ́ sí ní March 2010. Mi ò fi wọ́n ṣẹ̀sín, mi ò sì ní fi bàbá àgbà mi ṣẹ̀sín láéláé. Ẹni tó bá ti ń rò pé wọn ò ka òun sí, ẹni tó bá dárúkọ ẹ̀ lórí pèpéle ló máa tẹ̀lé. Ṣùgbọ́n 25 March 1958, Adélabú kú nínú jàǹbá mọ́tò lójú ọ̀nà Èkó, ìlú dàrú, wọ́n pa àwọn èèyàn tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀, kò sì pẹ́ tí Mábọlájẹ́ fi pín. Ohun tí mo sọ fún bàbá yẹn ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ nìyẹn: wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú lé èjìká ẹnì kan, nígbà tí èjìká yẹn ò sí mọ́, ta ló kù tó mọ ohun tí ẹgbẹ́ náà ń fẹ́? Bàbá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ nìyẹn ṣá, àmọ́ kò sẹ́ni bíi tiẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń yọ ara mi lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ni pé ó ti wọlé wa. Lórí Wasáàpù ìjọ wa, wọ́n ń gbàdúrà fún Trump bí ẹni pé alàgbà ìjọ ni, ẹni tó bá béèrè ìbéèrè kékeré ni wọ́n ń sọ pé ó ti gba ẹ̀mí òdì. January 2020, ìjọba yìí kan náà ló dí ọ̀nà físà àwọn ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ lọ gbé lọ́hùn-ún lọ́dọ̀ ẹbí wọn, ọkọ wà níbí ìyàwó wà lọ́hùn-ún, mo mọ irú wọn ládùúgbò mi. Ó dùn mí. Kò sẹ́ni tí mo fẹ́ gba ìgbàgbọ́ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, mo kàn fẹ́ kí wọ́n máa bi olóṣèlú léèrè bí wọ́n ṣe máa ń bi alájọ wọn léèrè.

Nítorí náà, Olóòtú, ẹ bá mi gbé ìbéèrè yìí síwájú àwọn méjèèjì tó kọ̀wé sí yín. Lọ́dún 2010, wọ́n lé sẹ́nétọ̀ ọlọ́dún 17 nítorí 700 bílíọ̀nù. Láti ìgbà tí Trump ti di ọ̀gá wọn, ta ni wọ́n lé torí pé ó fi kún gbèsè? Ẹyọ orúkọ kan ni mo fẹ́. Tí wọ́n bá ní in, kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, màá kà á.

Èmi ni, òǹkàwé yín,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.